Owó Ilé-Ẹ̀kọ́: Ìgbà Wo Ni Ó Tọ́ Kí A Dá A Padà?

Láyé àtijọ́, bí bàbá kan bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ tàbí iṣẹ́ ọnà gbígbẹ́, kì í kàn fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹbí yóò jókòó. Wọn yóò sọ iye ọdún tí ọmọ yóò lò, ohun tí ọ̀gá yóò gbà, iṣẹ́ tí yóò kọ́ ọmọ, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bá sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí bí ọ̀gá bá kọ̀ láti kọ́ ọ. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí wà. Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú lọ́jọ́ iwájú, àdéhùn ọjọ́ náà ni àwọn àgbà yóò padà sí.

Lóde òní, ìwé ti gba ipò ẹlẹ́rìí. Ọmọ gba ìwé ìgbaniwọlé, òbí ta ilẹ̀ tàbí kí ó yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a san owó sí báńkì, a sì gba rìsíìtì. Títí di ìgbà yìí, kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nǹkan bá yí padà. Ìgbà tí àìsàn bá dé, tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó wu ọmọ jù bá pè é, tí ìjọba ilẹ̀ òkèèrè bá kọ̀ láti fún un ní físà, tàbí tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ bá pa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà rẹ́, ìgbà náà ni gbogbo ilé ń rántí bèèrè owó. Èsì tí wọ́n sì sábà máa ń gbà kò ju gbólóhùn kan lọ: owó tí ó bá ti wọlé kì í jáde mọ́.

Ṣé òótọ́ ni gbólóhùn yìí? Kì í ṣe òótọ́ nígbà gbogbo. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ san kì í ṣe ọrẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó orí. Owó àdéhùn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ohun tí ó fi owó rẹ̀ rà, ọjọ́ tí òun fagi lé e, àti ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ òun, kò tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń bèèrè.

ṢÉ ONÍBÀÁRÀ NI AKẸ́KỌ̀Ọ́?

Ìbéèrè yìí ni ó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Inú ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dùn bí wọ́n bá gbọ́ tí a pe akẹ́kọ̀ọ́ ní oníbàárà. Wọ́n ní ìmọ̀ kì í ṣe gàrí tí a ń fi kóńgò wọ̀n. Wọ́n ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá di oníbàárà, olùkọ́ yóò di ẹni tí ń wá ojúrere rẹ̀, máàkì yóò sì di ọjà. Ẹ̀rù náà kò ṣàìní ìdí. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó wà nínú àjọṣe akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Èkíní ni ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀: ìdánwò, máàkì, àti ìwé ẹ̀rí. Kò sí ẹni tí ó tọ́ fún láti fi owó ra èyí. Èkejì ni ìdúnàádúrà tí ó gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé inú kíláàsì: iye owó, ìlérí tí a ṣe, àsìkò tí a dá, yàrá tí a fi fún un, àti ìwé tí a fọwọ́ sí. Èyí kò yàtọ̀ sí àdéhùn mìíràn tí ènìyàn ń bá ènìyàn ṣe.

Àwọn ilé-ẹjọ́ ti ya ohun méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ní ọdún 2000, nínú ẹjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá Yunifásítì Lincolnshire àti Humberside ṣe, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ England sọ pé àdéhùn tí òfin mọ̀ ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ láti máa tún máàkì fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní Nàìjíríà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 1986, nínú ẹjọ́ Yunifásítì Maiduguri, pé ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ lé akẹ́kọ̀ọ́ láìfún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ẹni tí kò ṣègbè. Ní 2005, nínú ẹjọ́ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Makurdi, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ọ̀rọ̀ ta ni ó yẹ kí ó gba oyè jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò kò lè tìtorí rẹ̀ gba owó padà. Ẹni tí a ṣèlérí ẹ̀kọ́ fún tí a kò sì kọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

OWÓ ORÍṢIRÍṢI, Ẹ̀TỌ́ ORÍṢIRÍṢI

Ohun tí ó ń ba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ni pé wọ́n máa ń kó gbogbo owó tí wọ́n san pọ̀, wọn a sì bèèrè rẹ̀ lódidi. Bẹ́ẹ̀, oríṣi márùn-ún ni owó náà, ọ̀nà tí kálukú sì ń gbà padà kò dọ́gba.

Owó fọ́ọ̀mù ni àkọ́kọ́. Ohun tí a fi rà ni kí ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìwé ẹni yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ti gbé e yẹ̀ wò, iṣẹ́ owó náà ti parí, yálà wọ́n gba ọmọ tàbí wọn kò gbà á. Èkejì ni owó tí a fi ń di àyè mú lẹ́yìn tí orúkọ bá ti jáde. Òun ni ó ń fa ìjà jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kì í dá a padà. Ẹ̀kẹta ni owó ẹ̀kọ́ gan-an. Iṣẹ́ odidi sáà tàbí odidi ọdún ni a fi rà. Nítorí náà, ẹni tí ó kúrò kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí ó kúrò nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan kò lè retí iye kan náà. Ẹ̀kẹrin ni owó ilé ìgbé. Bí a bá tètè fi yàrá náà sílẹ̀, tí ẹlòmíràn sì wà tí ó ń wá a, àdánù ilé-ẹ̀kọ́ kò tó nǹkan.

Ẹ̀karùn-ún ni owó ìdógò, èyí tí à ń san nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ba nǹkan jẹ́ ní ilé ìkàwé, ní yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, tàbí ní yàrá ìgbé. Owó yìí kò fi ìgbà kan di ti ilé-ẹ̀kọ́. Bí aṣọ tí a fi dógò ni ó rí lọ́wọ́ wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń lọ tí kò sì jẹ gbèsè ohunkóhun, ó yẹ kí ó gbà á láìbẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ìdùnnú ìkẹ́kọ̀ọ́jáde kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí márùn-ún yìí, a tún rí owó tí a san lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 2024 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, àjọ NELFUND ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yá owó tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìgbà mìíràn wà tí òbí ti san owó kí ti àjọ náà tó dé. Owó méjì ti wọlé lórí ohun kan ṣoṣo nìyẹn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì gbọdọ̀ padà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákẹ́, òun ni yóò pa á lára jù, nítorí pé gbèsè tí a yá wà lọ́rùn rẹ̀, owó tí òbí rẹ̀ san kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

OHUN TÍ ÒFIN NÀÌJÍRÍÀ SỌ

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìdíje ọjà àti ààbò òǹrajà tí a ń pè ní òfin ọdún 2018. Òfin yìí ni ó dá àjọ tí a mọ̀ sí FCCPC sílẹ̀, tí ó sì gba ipò òfin àtijọ́ ti ọdún 1992. Kì í ṣe ẹni tí ó ra ọjà nìkan ni òfin náà ń dáàbò bò. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ fún náà wà nínú rẹ̀.

Abala 114 sọ pé kí ìwé tí a bá fún òǹrajà jẹ́ èyí tí yóò yé e. Abala 118 sọ pé kí a fún un ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó rà. Èyí fi hàn pé rìsíìtì kì í ṣe ojúrere. Abala 120 ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù. Ó sọ pé òǹrajà lè fagi lé ohun tí ó ti gbà sílẹ̀ ṣáájú, àti pé ẹni tí ó fẹ́ ta á lè yọ owó díẹ̀ tí ó bá mọ́gbọ́n dání. Láti mọ̀ bóyá iye tí a yọ mọ́gbọ́n dání, òfin ní kí a wo irú iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, bí òǹrajà ti tètè sọ tó, àti bóyá a lè tètè rí ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ikú ni, tàbí tí ẹni tí a gba nǹkan náà sílẹ̀ fún bá wà ní ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní ilé ìwòsàn, kò tọ́ kí a gba owó ìfagilé kankan.

Abala 127 àti 128 wá sọ̀rọ̀ lórí gbólóhùn inú àdéhùn. Gbólóhùn tí ó bá ti ni òǹrajà lára kọjá ààlà kò tọ́. Gbólóhùn tí ó bá sì ń dín ẹ̀tọ́ rẹ̀ kù, a gbọ́dọ̀ fi hàn án ní gbangba kí ó tó fọwọ́ sí i. A kò gbọdọ̀ fi lẹ́tà wíńníwínní kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé. Abala 130 ní tirẹ̀ sọ pé kí a ṣe iṣẹ́ lásìkò àti lọ́nà tí ó dára; bí a kò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, òǹrajà lè ní kí a tún un ṣe tàbí kí a dá apá kan owó rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí àìdára náà bá ti tó.

Bí a bá fi abala wọ̀nyí wo owó tí a fi di àyè mú, a ó rí i pé gbólóhùn “a kì í dá a padà” kò parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó fi àyè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìwọlé, nígbà tí orúkọ àwọn ọmọ mìíràn ṣì wà nílẹ̀, ní ẹsẹ̀ láti dúró lé ju ẹni tí ó dákẹ́ títí kíláàsì fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lè jiyàn pé òwò kọ́ ni òun ń ṣe, nítorí pé nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba bá ń ṣe òwò ni òfin náà mú un. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí ó ń gba owó ńlá lórí ẹ̀kọ́ kò ní rí àwíjàre yìí lò bẹ́ẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì náà ń kọ́ ni lẹ́kọ̀ọ́. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, fi yanṣẹ́ lódì. Oṣù mẹ́jọ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà, wọ́n kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tí ó kù. Iṣẹ́ tí a fi falẹ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a kò ṣe rárá. Ẹni tí ó san owó ilé ìgbé fún oṣù tí a ti ilẹ̀kùn ilé náà pa lè bèèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń bèèrè owó ẹ̀kọ́ tí a padà wá kọ́ ọ yóò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.

ỌJỌ́ NI Ó Ń PINNU IYE

Ilẹ̀ Íńdíà fi hàn wá pé a lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí láìpe akẹ́kọ̀ọ́ ní oníbàárà rárá. Ní 2010 àti ní 2012, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ náà sọ pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọjà. Awuyewuye kò tán lórí rẹ̀, nítorí pé ní 2020 ilé-ẹjọ́ náà gbà láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àjọ tí ó ń ṣàkóso yunifásítì níbẹ̀ kò dúró de adájọ́. Ní 2018, ó gbé ìlànà kan jáde tí ó fi ọjọ́ wọn owó. Ẹni tí ó bá fi àyè sílẹ̀ nígbà tí ó ṣì ku ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìgbàwọlé tó parí yóò gba gbogbo owó rẹ̀, àfi ìdá 5 nínú 100 tí a lè yọ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, èyí tí kò gbọdọ̀ ju 5,000 rupee lọ. Bí ọjọ́ tí ó kù kò bá tó 15, yóò gba ìdá 90 nínú 100. Bí ìgbàwọlé bá ti parí, tí kò sì tíì ju ọjọ́ 15 lọ, ìdá 80 ni. Bí ó bá lé ní ọjọ́ 15 ṣùgbọ́n tí kò ju ọjọ́ 30 lọ, ìdá 50 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí yóò gbà, àfi owó ìdógò, tí a óò dá padà lódidi. Ìlànà náà tún ka fífi ojúlówó ìwé ẹ̀rí akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́ léèwọ̀, kí ilé-ẹ̀kọ́ má baà fi í ṣe ìdè.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìlànà yìí ni pé ó ń sọ fún tọ̀tún tòsì ohun tí wọn yóò pàdánù kí ìjà tó dé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lára ògiri kò ní fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí àròyé. Èyí sì wà lágbára ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí láti ṣe.

BÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ DÉ ÒKÈ ÒKUN

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ń lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí wọ́n sì ń san kí wọ́n tó kúrò nílé kì í ṣe kékeré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni òfin ẹ̀tọ́ òǹrajà ilẹ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó sọ pé kí a fi ìmọ̀ àti ìtọ́jú ṣe iṣẹ́ tí a gbà. Ó sì sọ pé ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbẹ́kẹ̀ lé, ti di ara àdéhùn. Ìlànà ọdún 2013 fún ẹni tí ó ṣe àdéhùn láti ọ̀nà jíjìn ní ọjọ́ 14 láti fi fagi lé e. Bí ìjà bá kọjá ohun tí yunifásítì England tàbí Wales lè parí nínú ilé, ọ́fíìsì olómìnira kan wà tí a ń pè ní OIA. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í sanwó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí gbogbo ìpele ẹjọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàrin oṣù 12 lẹ́yìn náà. Ọ́fíìsì yìí pẹ̀lú kì í dá sí ọ̀rọ̀ máàkì.

Ti ẹni tí a kò fún ní físà wà lọ́wọ́ ìlànà tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan tẹ̀ jáde. Ìwé tí a fi kọ físà fún un ni ẹ̀rí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ìbínú ya á. Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí òbí ṣọ́ra fún. Owó tí a san fún alágbàṣe tí ó ń bá ni wá ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe owó yunifásítì. Ẹni tí ó gba owó ni a ń bi léèrè, nítorí náà ó yẹ kí a mọ ẹni náà dáadáa kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni.

BÍ A TI Ń BÈÈRÈ

Ẹjọ́ là ń kọ́, a kì í kọ́ ìjà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní ọjọ́ tí ó pinnu láti lọ ni kí ó kọ lẹ́tà. Kí ó kọ déètì sí i, kí ó sọ pé òun fi àyè sílẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀dà tí ọ́fíìsì fi òǹtẹ̀ lù. Ọjọ́ inú lẹ́tà yìí ni a óò fi ṣírò owó. Ẹni tí ó kàn dẹ́kun àtiwá sí kíláàsì kò tíì fagi lé ohunkóhun.

Lẹ́yìn èyí, kí ó ya owó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìbéèrè rẹ̀: iye tí ó san fún ẹ̀kọ́, iye ti ilé ìgbé, iye ti ìdógò, iye tí òun gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ lè yọ, àti iye tí ó kù. Kí ó so ẹ̀dà rìsíìtì, ìwé ìgbaniwọlé, àti ìwé ilé ìwòsàn mọ́ ọn bí ó bá jẹ́ àìsàn ni. Rẹjísírà àti akápò ilé-ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí wọn kò bá dáhùn, abala 146 òfin ọdún 2018 fi ọ̀nà hàn. Òǹrajà lè bá ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà sọ ọ́, ó lè lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tí ó ń ṣàkóso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè mú ẹjọ́ rẹ̀ tọ FCCPC lọ. NUC ni ó ń ṣàkóso yunifásítì, NBTE ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, NCCE sì ń ṣàkóso kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, láti 2018 ni ilé-ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké ti wà, níbi tí a ti lè bèèrè gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ibẹ̀ náà, lẹ́tà tí a fi bèèrè owó ni wọn yóò kọ́kọ́ wò.

TI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ Ń KỌ́?

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Àyè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan dì mú, ẹlòmíràn ni a fi dù. Owó oṣù olùkọ́ àti owó iná kò dín kù nítorí pé ọmọ kan kúrò ní àárín sáà. Bí a bá sì ń dá gbogbo owó padà nígbàkúùgbà tí ọkàn ènìyàn bá yí, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò lè ṣètò ọdún kan. Ìdí nìyí tí òfin fi gbà pé kí wọ́n yọ nǹkan kúrò. Ohun tí òfin kò gbà ni kí wọ́n fi àdánù kékeré bojú láti gbé owó ńlá mì.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò dúró, ilé-ẹ̀kọ́ sì nílò akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fọkàn tán an. Olùkọ́ ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì, òun ni ọmọ sì máa ń kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Bí ó bá lè kọ́ ọmọ láti ka gbólóhùn kékeré tí ó wà ní ẹ̀yìn ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i, láti fi rìsíìtì pamọ́, àti láti kọ lẹ́tà tí ó ní déètì, ó ti gba owó òbí kan là kí ó tó sọnù. Ohun tí ẹbí alákọ̀ọ́ṣẹ́ ń bèèrè níwájú ẹlẹ́rìí láyé àtijọ́, òun náà ni ó yẹ kí a bèèrè kí a tó san owó lónìí: bí ọmọ yìí bá fi ibí sílẹ̀ lọ́la, èló ni yóò padà sọ́wọ́ wa, láàrin ọjọ́ mélòó, àti níbo ni a kọ ọ́ sí?